Ẹ Má Fi Nọ́ńbà Sí Ìyá Mi Lára

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ẹnu Màmá Àlùmọ́gàjí bẹ̀rẹ̀. Ẹnu yẹn kì í sinmi. Tó bá ń gé aṣọ, ó ń sọ̀rọ̀. Tó bá fi eyín di òwú mú, níbi tí gbogbo aránṣọ ayé ti máa ń dákẹ́, igun ẹnu kan ni òwú á wà, ọ̀rọ̀ á máa gba igun kejì jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kíláàsì aṣọ rírán máa ń sọ pé ọjọ́ tí Màmá bá dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kàn sáré pe dókítà.

Obìnrin yìí ni wọ́n wá ní kó jókòó sórí bẹ́ńṣì, kó pa ẹnu dé, kó máa wo káfíńtà kan bó ṣe ń fi ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ ba aṣọ tuntun jẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí Màmá ti ń kọ́ni láti ìgbà tí gbogbo irun rẹ̀ ṣì dúdú ló gbé òfin jáde: kíláàsì tí kò bá ní ìwé tirẹ̀, ìwé tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, wọ́n á tì í pa. Àwọn oníṣẹ́ iná ti ní tiwọn. Àwọn káfíńtà ti ní tiwọn. Kíláàsì aṣọ rírán nìkan ló kù, torí pé gbogbo ohun tí Màmá mọ̀, ẹnu rẹ̀ ló ń gbé. Bí wọ́n bá sì tì í pa, yàrá rẹ̀ tó fẹ̀, tó ní fèrèsé ńláńlá, tó ní tábìlì ìgéṣọ tó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, á di ti kíláàsì kọ̀ǹpútà. Inú yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì sí tẹ́lẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà fún mọ́ra sí, tí ẹni tó bá fẹ́ sín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ ará ẹ̀yìn kó yẹra.

Ta wá ni tísà kọ̀ǹpútà? Ọkọ ọmọ Màmá ni.

Ta sì ni Màmá gbé ìwé rẹ̀ fún pé kó bá òun tẹ̀? Òun náà ni. Kò sí ẹlòmíì nínú ọgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn olùkọ́ yòókù á rí Tísà lọ́nà, wọ́n á ṣẹ́jú sí ara wọn.

"Tísà, a gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ ìwé Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa o!"

"Àbí kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ dáadáa," ni èkejì á wí. "Fèrèsé yẹn mà fẹ̀."

Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Tísà kì í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó máa ń bọ́ fìlà tó bá ń bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Ó mọ̀ pé bí ìwé náà bá kùnà, ẹ̀bùn yàrá ńlá ni wọ́n á gbé fún òun, òun á sì jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ojú olè títí ayé. Kò sẹ́ni tó máa gbà pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Màmá gan-an ńkọ́?

Ló bá fara balẹ̀. Màmá ń sọ, ó ń tẹ̀. Màmá ń yàwòrán, ó ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ó dábàá pé kí àwọn kọ orúkọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: apá aṣọ rèé, kọ́là rèé. Màmá yọ gíláàsì ojú.

"Ọkọ ọmọ mi, tí mo bá ya imú fún yín, ṣé màá tún kọ 'imú' sábẹ́ ẹ̀?"

"Ẹ ò ní kọ ọ́, mà."

"Àwòrán tí mo bá ní láti dárúkọ ẹ̀ fún èèyàn, mi ò yà á re nìyẹn. Nọ́ńbà nìkan ló tó wọn."

Nọ́ńbà nìkan ni Tísà fi sí wọn. Ọ̀nà tó sì gbà fi í sí wọn ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Tó bá fẹ́ kọ "ẹ wo Àwòrán 4" sáàárín ọ̀rọ̀, kì í tẹ 4. Ó máa ń ní kí kọ̀ǹpútà lọ wo àwòrán apá aṣọ, kó bi í pé nọ́ńbà mélòó ni, kó sì mú èsì wá síbẹ̀. Bí apá aṣọ bá di ìkarùn-ún lọ́la, Tísà á kàn tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo ibi tí ìwé ti pè é ní 4 á di 5. Ó fẹ́ràn nǹkan yìí débi pé ó máa ń ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ìyàwó á sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ bí òjò ṣe rọ̀ ní ìlú tí kò ní dé láé.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Tí àwòrán bá sún, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹ̀ á yí lójú ẹsẹ̀. Èyí tó wà láàárín ọ̀rọ̀ kì í yí fúnra rẹ̀. Ó máa sùn lọ ni, títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnnì yẹn jí i.

Iṣẹ́ ti parí nígbà tí Màmá mú fọ́tò kan wá. Òun rèé lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, pátákó KÍLÁÀSÌ AṢỌ RÍRÁN lókè orí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bú ẹnì kan tó sì dùn mọ́ ọn.

"Èyí ni kó ṣíwájú, ọkọ ọmọ mi."

"Níwájú gbogbo àwòrán, mà?"

"Ṣé ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé ojú sí?"

Kò sí bí Tísà ṣe fẹ́ sọ "rárá" sí èyí. Ó fi fọ́tò síwájú, ó fún un ní nọ́ńbà 1. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wíwọn ara tó jẹ́ 1 di 2. Iwájú gáùn di 3, ẹ̀yìn gáùn di 4, apá di 5, kọ́là di 6, àpò di 7. Ó kù kó tẹ bọ́tìnnì. Ni aago kíláàsì rẹ̀ bá lù. "Mò ń bọ̀, mà," ó sì sáré jáde, ó fi Màmá sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń gbádùn ara rẹ̀. "Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wọn ara. Ẹ wo Àwòrán 1." Ó wo Àwòrán 1. Òun fúnra rẹ̀ ló rí, tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ṣí ojú ewé síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀ rí: ọ̀rọ̀ ń pe apá, ẹ̀yìn ló ń jẹ́.

Màmá tó máa ń figbe ta tí bọ́tìnnì kan bá já kúrò lára ẹ̀wù kò figbe ta. Ó wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kankan ń bọ̀.

"Ó ti rẹ ọmọ ọlọ́mọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Tí mo bá sọ fún un, ojú á tì í, kò ní lè wò mí mọ́. Ẹ jẹ́ n bá a tún un ṣe."

Pẹ̀lú ìka méjì, bí Tísà fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó pa 1 rẹ́, ó tẹ 2. Ó pa 2 rẹ́, ó tẹ 3. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti orí wíwọn ara títí dé orí kọ́là, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá ké sí i pé abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́ sínú máṣíìnì. Ó dìde. Kò padà síbẹ̀ mọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tísà dé, ó tẹ bọ́tìnnì. Àwọn nọ́ńbà tó ń sùn jí, wọ́n yí bó ṣe yẹ. Àwọn tí Màmá fi ọwọ́ tẹ̀ ò jí, torí pé wọn ò sùn. Wọ́n ti di òkúta. Kò sí bọ́tìnnì tó lè sún wọn mọ́. Ṣùgbọ́n Màmá ti tún wọn ṣe dáadáa, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìwé fi bára mu látòkè délẹ̀. Ká ní wọ́n fi ìwé yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn lẹ́nu.

Tísà tẹ ẹ̀dà kan jáde, ó gbé e délé fún ìyàwó rẹ̀ kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyàwó ṣí i. Ó rí ìyá rẹ̀. Ó rí "Àwòrán 1" lábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀.

"Olówó orí mi, kí lèyí?"

"Màmá ni."

"Mo mọ̀ pé Màmá ni, òun ló bí mi. Nọ́ńbà ni mò ń bèèrè. Ṣé wọ́n mú un ni?"

"Òun ni àwòrán àkọ́kọ́, torí náà…"

"Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n máa ń ya báyìí. Ó ku kẹ́ ẹ ní kó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa ká rí imú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn mi, ẹ má fi nọ́ńbà sí ìyá mi lára."

Ọkùnrin tí kò lè sọ "rárá" fún ìyá, ṣé ọmọ ni yóò wá sọ ọ́ fún? Ó yọ nọ́ńbà kúrò lábẹ́ fọ́tò. Gbogbo àwòrán sún padà ní ẹyọ kan. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì rí i pé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àpò di 6 padà lójú òun, wẹ́rẹ́, bí ajá tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Kò wo ìdajì àkọ́kọ́. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀, nígbà tí kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé? Ó tẹ ìwé jáde, ó dì í ní ẹ̀yìn líle, ó gbé e fún ìgbìmọ̀.

Bí èèyàn mẹ́ta tó fẹ́ràn ara wọn ṣe ba ìwé kan jẹ́ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ fún ẹnì kejì.

Ìgbìmọ̀ yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń dán ìwé wò. Wọn kì í kà á. Wọ́n á wá ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ náà, wọ́n á kó irinṣẹ́ fún un, wọ́n á ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí ìwé wí. Ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá ògiri. Bí ọ̀kan nínú wọn bá la ẹnu kí Alága tó ní ó ti tó, ìwé ti kùnà.

"Ìwé la wá gbọ́ lónìí," ni Alága wí. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, okùn gíláàsì rẹ̀ wà lọ́rùn. "Ẹnu yín, ẹ bá wa fi sápò."

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí?" ni Màmá bèèrè. "Torí ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣì kù tí mo fẹ́ sọ nípa ìjókòó yìí, ó ń gún mi ní…"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, mà."

Màmá ki ìdí téèpù ìwọ̀n rẹ̀ bọ ẹnu, ó dì í mú.

Nínú yàrá Màmá gan-an ni, lórí tábìlì gígùn yẹn. Màmá fúnra rẹ̀ ló yan aṣọ: òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tó ní òdòdó funfun wẹ́wẹ́. Gáùn ọmọdé ni wọ́n fẹ́ rán, fún ọmọláńgidi onígi tó wà lórí tábìlì. Ẹni tí wọ́n sì mú wá láti rán an ni tísà káfíńtà, tí gbogbo ọgbà ń pè ní Ọ̀gá Pákó, ọkùnrin gbàgbà kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò lè wọ ojú àlùmọ́gàjí.

"Ẹ má ronú o, Ọ̀gá Pákó," ni Alága kìlọ̀ fún un. "Ohun tí ìwé bá sọ ni kẹ́ ẹ ṣe."

"Alága, nídìí iṣẹ́ tèmi, ẹni tó bá ń ronú ní í gé ìka." Ó fi pẹ́ńsù há etí, ó ṣí ìwé. Ó rí Màmá nínú fọ́tò, ó kí i. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ṣí ojú ewé síwájú, ó kà á sókè: "'Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ wọn ara. Ẹ wo Àwòrán 2.'"

Àwòrán 2 ni iwájú gáùn, tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja. Ọ̀gá Pákó wò ó. Ó wo ọmọláńgidi. Ó wo àwòrán padà. Ló bá gbé ọmọláńgidi, ó tẹ́ ẹ gbalaja sórí aṣọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà yí i ká bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń fa ilà yí òkú ká lójú títì.

"Ó bọ́gbọ́n mu," ló wí. "Bí a ṣe ń wọn igi náà nìyí."

Ojú Màmá kúrò lára ọmọláńgidi, ó bọ́ sára Tísà. Tísà gbé èjìká sókè díẹ̀. Ó rò pé ọkùnrin náà ṣi ojú ewé ni.

"'Ẹ gé iwájú gáùn bó ṣe wà nínú Àwòrán 3.'"

Àwòrán 3 ni ẹ̀yìn gáùn, tó là láàárín níbi tí bọ́tìnnì máa wà. Ọ̀gá Pákó la iwájú gáùn sí méjì láti ọrùn dé ìdodo. Ó fi ìka méjì lo àlùmọ́gàjí, ó ń mí bí ẹni tó ń rẹ́ igi.

"'Ẹ gé ẹ̀yìn gáùn bó ṣe wà nínú Àwòrán 4.'"

Àwòrán 4 ni apá aṣọ. Ọ̀gá Pákó gé apá kan, ó gbé e sókè, ó fi wọn ẹ̀yìn ọmọláńgidi. Kò bo ju ìdajì ẹ̀yìn lọ.

"Alága, ẹ̀yìn yìí kéré o."

"Ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó tóbi tó nìyẹn."

Ohùn kan jáde látinú Màmá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹ má dá a lẹ́bi. Bí ìgbà tí máṣíìnì ìránṣọ bá gbé òwú mì ló rí. Alága yíjú sí i. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, téèpù yọ jáde láàárín ìka rẹ̀.

Ibẹ̀ ni orí Tísà ti ṣí. Wíwọn ara, 2 dípò 1. Iwájú, 3 dípò 2. Ẹ̀yìn, 4 dípò 3. Ẹyọ kan ni. Gbogbo ẹ̀ fi ẹyọ kan ṣáájú. Kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń bọ̀, bí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì: apá máa di kọ́là, kọ́là máa di àpò. Ó nawọ́ sókè.

"Ṣé ilé ìgbẹ́ lẹ fẹ́ lọ?" ni Alága bèèrè.

Ó mi orí.

"Ṣé iná ń jó níbì kan?"

Ó mi orí.

"Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀."

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó yíjú sí Màmá, ó gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí orúnkún rẹ̀. Ẹyọ kan, Màmá. Ẹyọ kan ló fi ṣáájú. Màmá wo ìka náà. Ó wo fèrèsé ńláńlá. Ó wo tábìlì gígùn. Ó wo ìka náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kà á sí yàrá kan tó ti bọ́ sí Tísà lọ́wọ́, ó sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

Ká ní ó gbá a létí ni, ìyẹn ì bá sàn. Tísà la ẹnu, ó tún pa á dé. Tó bá sọ̀rọ̀, ìwé kùnà. Tó bá dákẹ́, ìwé ń kùnà lọ níwájú rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ bí àpótí.

Ọ̀gá Pákó gé kọ́là méjì, ó fi ṣe apá. Ó gé àpò kan, ó fi ṣe kọ́là. Nígbà tó dé orí àpò, ìwé ní kó wo Àwòrán 6, èyí tó tọ̀nà láìní àbùkù kankan, nítorí pé Màmá ò débẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì rẹ̀.

"Àh! Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé náà tún nìyí," ni Ọ̀gá Pákó kígbe tayọ̀tayọ̀. "Mo ti ń mọ̀ ọ́n!"

Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ohun tí ìwé sọ ló tọ̀nà. Ìránpọ̀ tọ̀nà. Ṣíṣẹ́ etí aṣọ tọ̀nà. Ọ̀gá Pákó rán an pọ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọwọ́, ó ṣe ẹ̀tọ́ sí gbogbo ẹsẹ̀ rírán bó ṣe yẹ, ó fi tìṣọ́ratìṣọ́ra rán ìparun náà ní àránmọ́. Nígbà tó gbìyànjú láti wọ̀ ọ́ fún ọmọláńgidi, kò wọ̀.

"Ẹnì kan bá mi wá ìṣó kékeré."

"Ẹ má kàn án mọ́ ọn!" ni Alága pariwo.

Ó gbé e sókè fún gbogbo ìgbìmọ̀ rí. Iwájú là dé ìdodo. Ẹ̀yìn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ohun tó yẹ kó jẹ́ apá dúró ṣánṣán léjìká bí etí ehoro, àpò kan sì la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, bíi pé wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà máa tọ́jú itọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀gá Pákó nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn rẹ̀.

"Ó ti tó," ni Alága wí. "Ẹ lè sọ̀rọ̀ báyìí, Màmá."

Màmá yọ téèpù lẹ́nu. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo yàrá dúró dè é. Ó pa ẹnu dé, ó tún là á, bákan náà. Tísà rántí ọ̀rọ̀ dókítà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ, ẹ̀rù sì bà á gidi, ló bá fò dìde.

"Ẹ̀bi mi ni! Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ìwé ò jẹ̀bi. Àwọn nọ́ńbà ló fi ẹyọ kan ṣáájú. Mo yọ nọ́ńbà lábẹ́ fọ́tò Màmá, mo tẹ bọ́tìnnì, mi ò mọ ìdí tí ìdajì ò fi yí padà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Màmá yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ yọ nọ́ńbà mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyàwó mi ní kò dáa lára yín."

"Mo ti fi ọwọ́ tún wọn ṣe!" Ẹnu náà ṣí wàyí, ẹkún àti ẹ̀rín jọ tú jáde. "Mo rí i pé ẹ gbàgbé, mi ò fẹ́ kójú tì yín. Mo fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́ dé orí kọ́là! Alága, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn, ẹ̀bi mi ni!"

"Ẹ jókòó, Màmá, ẹ̀bi mi ni!"

"Ọkọ ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ gba ẹ̀bi mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Tèmi ni!"

Alága fi gíláàsì sójú. Ìrètí kékeré kan wọ yàrá náà.

"Ẹ dúró ná. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí?"

"Kò sí, mà!" ni àwọn méjèèjì wí pa pọ̀.

"Àwòrán rẹ̀ dára?"

"Ó dára, mà!"

"Kọ̀ǹpútà nìkan lẹ ò mọ̀ ọ́n lò tó."

"Òun nìkan ni, mà!"

"Ẹ ṣeun." Alága yíjú sí ìgbìmọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. "Ṣé ẹ gbọ́ fúnra yín? Nínú ọgbà yìí kan náà, àgbà olùkọ́ kan ò mọ kọ̀ǹpútà, tísà tó yẹ kó kọ́ ọ ò sì ráyè kọ́ ọ dáadáa, torí pé àárín ìgbálẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kù wá kù ni yàrá kọ̀ǹpútà tó tóbi."

"Rárá, mà!" ni Tísà kígbe. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tó sọ "rárá" fún obìnrin kan nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ, torí pé àtẹ́wọ́ ti bo yàrá. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní kó má bẹ̀rù, wọ́n ti mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Tísà ní ṣé wọn ò lè tún ìwé dán wò ni. Alága ní ìwé kan, ìdánwò kan, òfin ni. Ọ̀gá Pákó bèèrè bóyá òun lè mú gáùn náà lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n gbé àwọn kọ̀ǹpútà dé yàrá ńlá, tábìlì ìgéṣọ ò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Inú yàrá ni wọ́n ti kàn án. Wọ́n to kọ̀ǹpútà lé e lórí, lórí àmì ìwọ̀n tí Màmá fi ọ̀bẹ fà sí etí rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ni níbẹ̀. Ìyàwó Tísà wá bá ìyá rẹ̀ di òwú àti abẹ́rẹ́ sínú páálí. Tísà ń so wáyà lábẹ́ tábìlì, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí wáyà ṣe fẹ́ lọ.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ jáde lábẹ́ tábìlì," ni Màmá wí. "Ẹ ṣí ìwé mi fún mi."

Ó ṣí i.

"Ẹ dá nọ́ńbà mi padà sábẹ́ fọ́tò."

Ìyàwó gbójú sókè. "Màmá…"

"Ìwọ ò ní sọ̀rọ̀. Wọ́n ti lé mi níbí. Ó kéré tán kí n jẹ́ àkọ́kọ́ níbì kan. Ẹ fi sí i, jọ̀ọ́."

Tísà fi nọ́ńbà 1 sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àwòrán yòókù sún sókè ní ẹyọ kan. Ó tẹ bọ́tìnnì. Láìní ìdí kankan, Màmá fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Tísà ń fi ìka tọ́ka sí àwòrán.

"Wíwọn ara, Àwòrán 2."

"Wíwọn ara ni, mà."

"Iwájú gáùn, Àwòrán 3."

"Iwájú ni, mà."

Ẹ̀yìn. Apá. Kọ́là. Àwọn tí ó ti di òkúta àti àwọn tó ń gbọ́ bọ́tìnnì, gbogbo wọn pàdé. Àpò, Àwòrán 7. Àpò ni, mà. Wọ́n kà á dé ojú ewé ìkẹyìn. Kò sí ẹyọ kan tó ṣìnà. Ìyàwó Tísà ti dúró lẹ́yìn wọn, òwú pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí ibi tó fẹ́ fi í sí.

"Ó pé," ni Màmá wí.

"Ó pé, mà."

"Nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n yẹn náà ló mú un pé," ni Màmá tún wí.

Ìyàwó fi ìka nu ojú.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Pákó ni, ó gun àkàbà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú pátákó KÍLÁÀSÌ AṢỌ RÍRÁN kúrò lókè. Ìṣó kan ti yọ, pátákó ń fì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, kó má já lù mí lẹ́sẹ̀."

Màmá dìde. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ibi tó dúró sí nínú fọ́tò gan-an, ó na ọwọ́ sókè, ó di pátákó orúkọ rẹ̀ mú fún ẹni tó ń tú u.

"Ẹ rọra o," ló wí fún un. "Ẹ má ronú, kẹ́ ẹ má lọ gé ìka."

Tísà wò wọ́n láti orí àga. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì náà. Nǹkan kan ò yí padà. Ó tún un tẹ̀. Kò sí nǹkan tó kù tó yẹ kó yí.